Ìyàtọ̀ Ìgbé Ayé Láàárín Àwọn Ìpínlẹ̀ Indonéṣíà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Indonéṣíà ní erékùṣù tó lé ní 17,000, ìpínlẹ̀ 38, àti èèyàn tó lé ní 270 mílíọ̀nù. Síbẹ̀, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìwé fi máa ń sọ bí ayé ṣe rí fún gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn ìbéèrè yìí jọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Jakarta àti ọmọ tí wọ́n bí sórí òkè Papua, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, lọ́jọ́ kan náà, abẹ́ àsíá kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba ti gbé dé ẹnu ọ̀nà wọn kò sún mọ́ra rárá.

Kí la ń pè ní ìdàgbàsókè ọmọnìyàn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ọdún 1990 ni UNDP, tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ́kọ́ gbé ìwọ̀n náà jáde. Mahbub ul Haq, ọmọ Pakistan, ló ṣíwájú iṣẹ́ náà, Amartya Sen, ọmọ Íńdíà, sì wà lára àwọn tó bá a rò ó. Wọ́n ní owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè kò tó láti fi mọ̀ bóyá ayé dára fún àwọn ará ibẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n wá pa pọ̀: iye ọdún tí ọmọ tuntun lè retí láti lò láyé, ẹ̀kọ́, ìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kà á báyìí, iye ọdún tí àwọn àgbàlagbà ti lò nílé ìwé àti iye tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lè retí láti lò, àti owó.

Ní Indonéṣíà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, BPS, ló ń ṣe é fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 514 tó wà níbẹ̀. Láti 0 dé 100 ni wọ́n ń kà á. Ibi tó bá ti wọ 80 ti ga gan-an, èyí tí kò bá sì tó 60 wà nísàlẹ̀. Ohun kan tó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé owó tí èèyàn ń ná ni BPS ń lò, kì í ṣe owó tí wọ́n ń pa ní ìpínlẹ̀ náà. Wúrà lè kún ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kan, kí owó rẹ̀ má sì dé àpò ẹni tó ń gbé níbẹ̀.

Báwo ni àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó?

Màá lo ìṣirò ọdún 2022, nítorí òun ni ìgbẹ̀yìn tí wọ́n ka Papua àtijọ́ bí odidi kan kí wọ́n tó pín in. Ní ọdún náà, 72.91 ni ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Jakarta ní 81.65, Yogyakarta ní 80.64, àwọn méjèèjì nìkan ni ìpínlẹ̀ tó kọjá 80. Ìlà-Oòrùn Kalimantan, tó ní èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì, ló tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú 77.44. Nísàlẹ̀ pátápátá, Papua ní 61.39, Ìwọ̀-Oòrùn Papua ní 65.89, Ìlà-Oòrùn Nusa Tenggara (NTT ni wọ́n ń gé e kúrú sí) ní 65.90.

Bí ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bani lẹ́rù. Ìlú Yogyakarta ní 87.69. Nduga, lórí àwọn òkè Papua, ní 34.10. Ní àkókò yẹn, nǹkan bíi 38 nínú 100 ni Gúúsù Sudan ní, òun ló sì wà nísàlẹ̀ jù lọ lágbàáyé nínú ìwé UNDP. Ọ̀nà tí UNDP àti BPS ń gbà ṣírò kò bára mu tán, nítorí náà ẹ má fi wọ́n wéra délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ibi tí Nduga wà. Àgbàlagbà ibẹ̀ kò tíì lo ọdún méjì nílé ìwé tí a bá pín in kárí. Ní Jakarta, ó lé ní ọdún 11.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ibi tí wúrà wà ni òṣì pọ̀ sí jù?

Nínú ọ̀rọ̀ Papua, bẹ́ẹ̀ ni. Grasberg, tó wà lórí òkè ní ìjọba ìbílẹ̀ Mimika, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wúrà àti bàbà pọ̀ sí jù lọ lágbàáyé. Ọdún 1967 ni Freeport, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Suharto, ológun tó ń ṣàkóso Indonéṣíà nígbà náà, láti máa wa ohun àlùmọ́ọ́nì lágbègbè náà. Nígbà yẹn, wọn kò tíì parí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni Papua. Ọdún 1969 ni wọ́n tó ṣe ìdìbò tí wọ́n fi so ó mọ́ Indonéṣíà, nǹkan bíi 1,025 èèyàn tí wọ́n yàn ló sì dìbò ní orúkọ gbogbo ará ilẹ̀ náà. Àwọn Amungme ló ni òkè tí wọ́n ń gbẹ́, àwọn Kamoro ló ni ẹsẹ̀ odò Ajkwa tí pàǹtí ibi ìwakùsà ń ṣàn lọ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n bi onílẹ̀ léèrè.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, nǹkan bíi ìdá 27 nínú 100 àwọn ará Papua ló wà nínú òṣì gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe ń kà á, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó ìdá 10. Òtítọ́ ni pé nǹkan ti yí díẹ̀. Ní 2018, Indonéṣíà gba ìdá 51 nínú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì ya ìdá 10 sọ́tọ̀ fún ìjọba Papua àti Mimika. Òfin àkànṣe ìṣàkóso ara ẹni tún wà láti 2001, èyí tó ń gbé owó púpọ̀ lọ sí Papua lọ́dọọdún, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021 kí owó náà lè pọ̀ sí i.

Ẹ wo ohun tó yani lẹ́nu, ṣá o. Mimika fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi 75, ìlú Jayapura sì lé ní 80. Nduga kò jìnnà sí Mimika lórí máàpù. Àwọn tó wá láti Java, erékùṣù tí Jakarta wà, àti erékùṣù Sulawesi fún iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ìwakùsà àti òwò ló kún àwọn ìlú etíkun wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kà nílé sì ń gbé ìṣirò ibẹ̀ sókè. Nítorí náà, ẹni tó bá rí 61 fún Papua kò rí ará etíkun, kò sì rí ará òkè.

Kí ló ń dá àwọn ará òkè Papua dúró gan-an?

Ilẹ̀ ibẹ̀ le. Àwọn òkè kan níbẹ̀ ga ju mítà 4,000 lọ, ọ̀pọ̀ abúlé kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju ọkọ̀ òfuurufú kékeré tàbí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: òkè nìkan kọ́ ló fa èyí. Ilé ẹ̀kọ́ lè wà kí olùkọ́ má sí níbẹ̀. Ní nǹkan bí 2011, UNICEF àti àwọn yunifásítì Papua ṣe àbẹ̀wò láìkéde sáwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bíi olùkọ́ kan nínú mẹ́ta ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Lórí òkè, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ ní láti lọ gba owó oṣù rẹ̀ ní ìlú, ọkọ̀ òfuurufú wọ́n, ilé tí wọ́n fún un kò ṣeé gbé, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí 2017 títí wọ 2018, àrùn èèyi àti àìjẹunrekánú pa nǹkan bíi 70 ọmọdé ní Asmat, ní gúúsù Papua. Àrùn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà ni èèyi. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ láti fi dá ikú àwọn ọmọ yẹn láre.

Ìjà ológun tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2018, àwọn ọmọ ogun tó ń jà fún òmìnira Papua pa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà ńlá Trans-Papua ní Nduga. Ìjọba kó àwọn ọmọ ogun lọ síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì sá kúrò ní abúlé wọn. Ọmọ tó bá ń sá nínú igbó kò sí nílé ìwé, nọ́ọ̀sì kò sì lè tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Àlàáfíà ni ohun àkọ́kọ́ tí Nduga nílò, lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́, lẹ́yìn olùkọ́ ni ọ̀nà ọkọ̀. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Yogyakarta kò ní epo, kò ní wúrà. Kí ló gbé e dókè?

Ẹ̀kọ́ ni. Láti 1949 ni Yunifásítì Gadjah Mada ti wà níbẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn sì yí i ká tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo erékùṣù fi ń wá kàwé níbẹ̀. Sultan ìlú náà ló ń jẹ́ gómìnà láìdìbò, nínú gbogbo Indonéṣíà ibẹ̀ nìkan ni irú èyí wà. Iye ọdún tí èèyàn ń retí láti lò láyé níbẹ̀ kọjá 74, ó wà lára èyí tó ga jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tóbi, ilé ìwòsàn sì sún mọ́ èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé owó pọ̀ níbẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Yogyakarta ní 2022 kò tó mílíọ̀nù 2 rupiah, ti Jakarta ju mílíọ̀nù 4.5 lọ. Ìdá àwọn tó wà nínú òṣì ní Yogyakarta, bíi 11 nínú 100, ju ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Ìlú náà ní 87, Gunungkidul tó wà ní ẹ̀bá rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ òkúta tí omi sì ṣọ̀wọ́n, ní nǹkan bíi 71. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí nítorí pé ó fi hàn pé èèyàn lè pẹ́ láyé kó sì kàwé púpọ̀ níbi tí owó kò ti pọ̀. Ó sì tún fi hàn pé ìwé kíkà kò ní kí ebi má pa èèyàn bí iṣẹ́ tó ń sanwó dáadáa kò bá sí.

Irú rẹ̀ tún wà níbòmíràn. Ní Minahasa, ní Àríwá Sulawesi, àwọn míṣọ́nnárì ti ń dá ilé ìwé sílẹ̀ láti ọ̀rúndún 19. Àwọn Minangkabau ti Ìwọ̀-Oòrùn Sumatra ti máa ń rán ọmọ wọn lọ sájò kí wọ́n lè kàwé kí wọ́n sì ṣòwò tipẹ́tipẹ́. Ìpínlẹ̀ méjèèjì kọjá 73 ní 2022, wọ́n ju ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ.

Ṣé ìjọba àpapọ̀ ti gbìyànjú rí láti dí àlàfo náà?

Ó gbìyànjú, ìgbìyànjú kan sì wà tó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní epo mọ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ga sókè ní 1973, Suharto, tó jẹ́ apàṣẹwàá títí di 1998, fi lára rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1973 sí 1979, ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 61,000 ni wọ́n kọ́. Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ ni ìlànà pípín rẹ̀: ibi tí ọmọ tí kò lọ sílé ìwé bá ti pọ̀ jù ni ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé Esther Duflo, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìgbà náà dé ìgbà tí wọ́n dàgbà, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ wọn pọ̀ sí i, owó oṣù wọn náà sì gòkè.

Nàìjíríà àti Indonéṣíà jọ wà nínú ẹgbẹ́ OPEC nígbà yẹn, owó epo kan náà ló sì wọlé fún wọn. Nàìjíríà náà kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE ní 1976. Yorùbá tó bá mọ ohun tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe fún agbègbè kan láàárín ìran kan.

Mi ò yin Suharto. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló ta sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ní Papua pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ṣiṣẹ́.

Ṣé Java ló ń jẹ gbogbo ọrọ̀ orílẹ̀-èdè náà?

Ètò ìkànìyàn 2020 ka bíi 151 mílíọ̀nù èèyàn sí Java, ìyẹn ìdá 56 nínú 100. Ó lé ní ìdajì ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará erékùṣù mìíràn sì ń ṣàròyé, wọ́n ní èédú, epo pupa, gáàsì àti wúrà ilẹ̀ àwọn ló ń bọ́ olú-ìlú. Àròyé wọn tọ̀nà.

Java fúnra rẹ̀ kò rí bákan náà, ṣá. Ní ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn Java, ìlú Surabaya lé ní 82. Kọjá omi díẹ̀, ní erékùṣù Madura, Sampang ní nǹkan bíi 63. Afárá Suramadu tó gùn tó kìlómítà 5 ti so Madura mọ́ Surabaya láti 2009, síbẹ̀ Sampang ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Afárá ń gbé ọkọ̀ kọjá. Kò lè kọ́ àgbàlagbà tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé.

Kí ló dé tí ọjà fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà?

Ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì, ìrẹsì àti epo lọ sí ìlà-oòrùn kì í sábà rí ẹrù kó bọ̀, nítorí náà ẹni tó ń ra ọjà níbẹ̀ ló ń sanwó àlọ àti àbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ òfuurufú ló tún ń gbé e lọ sórí òkè. Ní 2016, lítà epo bẹntiróòlù kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi 6,500 rupiah ní Java máa ń dé 50,000, tó tún máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ sí 100,000, ní àwọn ibì kan lórí òkè Papua. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Joko Widodo, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, lọ sí Yahukimo ní Papua, ó kéde pé iye kan náà ni wọn yóò máa ta epo jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìjọba rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba ń san lára owó rẹ̀, kí wọ́n lè máa dé àwọn èbúté tí oníṣòwò kò fẹ́ lọ. Owó ọjà dínkù ní àwọn ibì kan. Ibi tó jìnnà sí ilé epo tí ìjọba yàn, alájàpá ṣì ń tà á bó ṣe wù ú.

NTT ńkọ́?

Erékùṣù Flores, Sumba àti ìwọ̀-oòrùn Timor ló wà nínú NTT. Ọ̀dá ni wàhálà ibẹ̀. Òjò kì í pẹ́ tó fi ń lọ, àgbàdo ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbójú lé, oṣù tó ṣáájú ìkórè sì jẹ́ oṣù ebi. Ní 2022, ìwádìí ìjọba rí i pé ìdá 35 nínú 100 àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún níbẹ̀ ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn, nítorí oúnjẹ tí kò péye láti inú oyún wá. Ní Bali, tí kò jìnnà, ìdá 8 ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin NTT ń lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Malaysia, a sì ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n gbé òkú wọn padà wálé. Láàárín ìpínlẹ̀ yìí náà, ìlú Kupang wà ní nǹkan bíi 80, nígbà tí Sabu Raijua kò tó 60.

Ṣé pípín agbára fún ìbílẹ̀ ti ṣe wọ́n lóore?

Lẹ́yìn tí Suharto kúrò, wọ́n ṣe òfin ní 1999 tó gbé ilé ìwé, ìlera àti ọ̀nà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń fẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Nduga fúnra rẹ̀, ọdún 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 2022, wọ́n tún gé ìpínlẹ̀ mẹ́rin tuntun jáde lára Papua àti Ìwọ̀-Oòrùn Papua, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì ṣe ìwọ́de láti sọ pé àwọn kò fẹ́.

Ohun tí mo rò ni pé ọ́fíìsì tuntun máa ń tètè dé, iṣẹ́ kì í tètè dé. Ìpínlẹ̀ tuntun ń mú gómìnà wá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti iṣẹ́ fún àwọn tó ti kàwé, àwọn yìí sì sábà máa ń wá láti ìta. Owó abúlé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 lábẹ́ òfin 2014, lọ tààrà sí àwọn abúlé tó lé ní 74,000. Òun ló dà bí ẹni pé ó sún mọ́ èèyàn jù: gọ́tà, omi ẹ̀rọ, ọ̀nà oko. Ètò adójútòfò ìlera ti gbogbo orílẹ̀-èdè tún bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ gbèsè ilé ìwòsàn. Ibi tí kò sí dókítà, káàdì lásán ni.

Ṣé àlàfo náà ń dínkù?

Díẹ̀díẹ̀. Ní 2010, Papua ní 54.45, Jakarta ní 76.31. Ní 2022, Papua ti gòkè bíi 7, Jakarta bíi 5. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọdún 12 kọjá kí àlàfo náà tó dín ní nǹkan bíi 1.6 láti orí 22 tó wà tẹ́lẹ̀. Bó bá ń lọ báyìí, àwọn tó wà nílé ìwé lónìí yóò ti kú kí Papua tó bá Jakarta.

Ǹjẹ́ olú-ìlú tuntun, Nusantara, yóò tún nǹkan ṣe?

Ọdún 2019 ni Joko Widodo kéde pé olú-ìlú yóò kúrò ní Jakarta lọ sí Ìlà-Oòrùn Kalimantan, kí ìdàgbàsókè lè kúrò ní Java nìkan. Iye tí wọ́n dá lé e ni tírílíọ̀nù 466 rupiah. Èrò rere ni pé kí àárín orílẹ̀-èdè náà sún sí ìlà-oòrùn.

Ṣùgbọ́n Ìlà-Oòrùn Kalimantan ti wà ní ipò kẹta tẹ́lẹ̀. Ohun tí ibẹ̀ nílò ni kí wọ́n kún àwọn kòtò èédú tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ yí Samarinda ká, níbi tí ọmọ tó lé ní 30 ti kú sómi láti 2011. Kò sí ìlà kankan nínú ìṣirò BPS tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sí. Nusantara sì jìnnà sí Nduga ju 2,000 kìlómítà lọ. Bí ìdá kékeré nínú owó náà bá lọ sórí ilé tí olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì lè gbé lórí òkè Papua, lórí owó oṣù tí wọ́n lè gbà láìkúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti lórí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo gbà pé èyí yóò gbé 34 Nduga sókè ju ohunkóhun tí wọn yóò kọ́ sí Kalimantan lọ.